Ẹ̀rí Ni À Ń Tà

Bí ọkọ̀ ogun ojú omi bá ti fẹ̀yìn tì, irin ara rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ díye lé. HMS Ark Royal ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2011. Ní 2013 wọ́n wọ́ ọ lọ sí ilẹ̀ Tọ́kì láti tú u fún irin àlòkù. Ẹni tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tí yóò ti fọwọ́ kàn án mọ́. Àwòrán ara ògiri ló kù fún un, tàbí owó ẹyọ ìrántí, tàbí ègé igi tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ náà. Irú wọn ni oníbàárà àwa tí à ń tẹ àwòrán ìrántí ọkọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹ̀rí ni à ń tà kí á tó máa ta ẹwà.

Ẹni tó bá fẹ́ já mi nírọ́ yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí ayàwòrán J. M. W. Turner. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1838, wọ́n wọ́ HMS Temeraire, ọkọ̀ oníbọn 98 tó jà nínú ogun ojú omi Trafalgar ní 1805, láti Sheerness lọ sí Rotherhithe lórí odò Thames. John Beatson tó ń tú ọkọ̀ ló rà á ní £5,530. Wọ́n ti yọ àwọn òpó ìgbòkun rẹ̀ kó tó gbéra, ọkọ̀ eléèéfín méjì ló sì wọ́ ọ. Nínú àwòrán tí Turner gbé síta ní 1839, òpó wọ̀nyẹn dúró gangan, ọkọ̀ eléèéfín kan ṣoṣo ló sì ń fà á. Kò bá ìṣẹ̀lẹ̀ mu, síbẹ̀ òun ni ayé fi ń rántí ọkọ̀ náà. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n Turner kò tà á títí ó fi kú. Àwa là ń tà. Nígbà tí James Tibbits Willmore fín àwòrán kan náà sára awo fún títẹ̀ ní 1845, ó yí ipò ihò èéfín àti òpó ọkọ̀ eléèéfín náà padà kó lè bá bí wọ́n ṣe ń kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mu. Lójú tèmi, kò ṣàfojúdi sí ọ̀gá: ìwé títẹ̀ máa ń wọ ilé ẹni tó mọ ọkọ̀ dunjú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ohun tí wọ́n fi ara ọkọ̀ ṣe. Nígbà tí ìjì gbé HMS Foudroyant, ọkọ̀ tí ọ̀gágun ojú omi Nelson lò nígbà kan, lu etíkun Blackpool ní 1897, wọ́n fi bàbà rẹ̀ rọ àmì-ẹ̀yẹ, wọ́n fi igi rẹ̀ ṣe àga àti ọ̀pá ìtilẹ̀. Bàbà kò yàtọ̀ sí bàbà lójú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ló sọ ọ́ di ti ọkọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà tí à ń fi pẹ́ńsùlù kọ sábẹ́ àwòrán. Láyé awo bàbà, awo fúnra rẹ̀ ló ń fi òpin sí iye ìwé: bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ojú ìlà ń jẹ, tí ìwé àkọ́kọ́ ń mọ́lẹ̀ ju ti ìkẹyìn lọ. Kọ̀ǹpútà ti pa ìyẹn rẹ́. Ìwé ẹgbẹ̀rún kan lónìí kò yàtọ̀ sí ìwé kìíní, nítorí náà bí atẹ̀wòrán bá kọ 12/500, ìyẹn ìwé kejìlá nínú 500, kò sí ohun tó dá a dúró ní 500 bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Àwọn kan ní à ń jẹ lára òkú ọkọ̀. USS Constitution, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn 1925, nígbà tí ọkọ̀ náà ń jẹrà ní Boston, wọ́n ta ẹ̀dà àwòrán rẹ̀ tí Gordon Grant yà, sẹ́ǹtì 50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ta ohun ìrántí tí wọ́n fi pákó àti irin rẹ̀ àtijọ́ ṣe, àwọn ọmọ iléèwé sì dáwó. Ohun tó wọlé lé ní $600,000, nínú nǹkan bí $946,000 tí àtúnṣe náà gbà. Ọkọ̀ náà ṣì wà lórí omi. Mi ò ní sọ pé gbogbo ọkọ̀ ni ìwé lè gbà là. Ark Royal kò rí irú rẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni pé àwòrán wa ń yin ìbọn, ó sì ń gbàgbé ènìyàn. Òótọ́ ni. HMS Black Joke, tí Nicholas Matthew Condy yà níbi tó ti ń yìnbọn sí ọkọ̀ ẹrú El Almirante ní 1829, jẹ́ ọkọ̀ ẹrú fúnra rẹ̀ rí. Henriqueta ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ó ń kó àwọn ènìyàn tó lé ní 500 láti Èkó lọ sí Bahia ní Brazil nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì HMS Sybille mú un ní 1827. Ènìyàn 466 ló wà nínú El Almirante. Ní 1832, wọ́n dáná sun Black Joke ní Sierra Leone nítorí pé pákó rẹ̀ ti jẹrà. Èéfín àti ìgbòkun lojú ń rí nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ kò hàn. Àbùkù yìí kò ní ká pa iṣẹ́ náà tì, ẹ̀rí púpọ̀ sí i ló ń béèrè. Àyè ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ gbogbo àwòrán títẹ̀. Bí a bá tẹ Black Joke lónìí, Henriqueta, Èkó, Bahia àti 466 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ẹni tó bá rà á lè ka orúkọ ọkọ̀ náà méjèèjì.