Ọdún Tí Ife-Ẹ̀yẹ Wọ Douala Kẹ́yìn

Ẹ bi ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá lónìí pé ìlú wo ni ife-ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó gbégbá orókè nílẹ̀ Áfíríkà kọ́kọ́ lọ. Ó ṣeé ṣe kó dárúkọ Cairo, Tunis tàbí Casablanca. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbà á. Douala ni, ìlú èbúté ńlá ní Kamẹrúùnù. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejì, ọdún 1965, ní ìlú Accra, ẹgbẹ́ Oryx Douala na Stade Malien ti Bamako ní àmì ayò 2 sí 1. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe ìdíje náà nìyẹn. Samuel Mbappé Léppé ni balógun ẹgbẹ́ Oryx. Àwọn èèyàn rẹ̀ ń pè é ní Maréchal, ìyẹn ọ̀gágun pátápátá, orúkọ rẹ̀ sì ni pápá ìṣeré tó wà ní àdúgbò Akwa, ní Douala, ń jẹ́ títí dòní.

Oryx ló ṣínà, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Canon Yaoundé gba ife náà ní ọdún 1971. Ní 1975, nígbà tí wọ́n dá ife-ẹ̀yẹ kejì sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó bá gba ife orílẹ̀-èdè wọn, Tonnerre Yaoundé ló kọ́kọ́ gbé e. Canon tún gba ife àwọn tó gbégbá orókè ní 1978. Ní 1979, Kamẹrúùnù kó ife méjèèjì nílẹ̀: Union Douala na Hearts of Oak ti Accra nínú gbígbá pẹnáritì, Canon sì na Gor Mahia ti Kenya. Canon tún ṣe é ní 1980, Union sì tún ṣe é ní 1981. Ife-ẹ̀yẹ mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀, mẹ́ta nínú wọn ló sì lọ sí Douala.

Kí ló fà á? Ohun àkọ́kọ́ ni pé àwọn ọmọ wà nílé. Aṣọ́lé Joseph-Antoine Bell wà ní Union. Thomas Nkono, aṣọ́lé tí wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nílẹ̀ Áfíríkà ní 1979 àti 1982, wà ní Canon. Roger Milla ti gbá bọ́ọ̀lù fún Léopard Douala kó tó lọ sí Tonnerre, ọdún 1977 ló sì tó kọjá sí ilẹ̀ Faransé. Ohun kejì ni pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní èèyàn tirẹ̀. Àwọn oníṣòwò ló ń dáwó, àwọn ará àdúgbò ló ń kún pápá, bí ẹgbẹ́ bá sì fìdí rẹmi, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun nínú ọ̀pọ̀ ilé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwa Yorùbá náà mọ ọwọ́ wọn. Nígbà tí IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Múdà Lawal, di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, Tonnerre, ẹgbẹ́ Milla, ni wọ́n nà ní àṣekágbá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Rangers ti Enugu gba ife kan náà lọ́wọ́ Canon. Nítorí náà, nígbà tó fi máa di 1981, tí Stationery Stores ti Èkó àti Union Douala pàdé ní àṣekágbá, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré lásán. Àwọn ará Èkó tó ń pe Stores ní Super Stores kò fojú kékeré wo ẹgbẹ́ tí Israel Adébàjọ́ dá sílẹ̀ yìí.

Ọdún 1981 kì í sì í ṣe ọdún tó rọgbọ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Kamẹrúùnù pa ọmọ ogun Nàìjíríà márùn-ún ní agbègbè ẹnubodè. Inú bí àwọn èèyàn gidigidi ní Èkó, ọ̀rọ̀ ogun sì ń jà ràn-ìn lẹ́nu àwọn kan. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣòwò ní Douala nígbà yẹn á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lọ́jà, á sì máa tètè ti ìsọ̀ lálẹ́.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni bàbá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta aṣọ ní New Bell, àdúgbò tí àlejò pọ̀ sí jù ní Douala láti ayé àwọn òyìnbó. Ó ti lo ọdún mẹ́rìnlá níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bí ọmọ rẹ̀ mẹ́rin. Lọ́jọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ó sé ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn rédíò sílẹ̀, ó sì jókòó tì í pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Stores lọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò tiẹ̀ rò pé ẹlòmíì nínú ilé náà lè ní ọkàn tó yàtọ̀. Àfi bí Union ṣe gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fò sókè, tó sì pariwo ayọ̀.

Ara bàbá gbóná. Ó ti na ọwọ́ kó gbá ọmọ náà létí, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sọ wẹ́lẹ́ pé: "Bàbá wọn, ta ló mú un lọ sí Èkó rí?" Ọwọ́ bàbá padà sílẹ̀. Òótọ́ ni. Union ni ẹgbẹ́ tí ọmọ náà ń rí lójú, àwọn ọmọ tó sì ń fi bọ́ọ̀lù rọ́bà ṣeré pẹ̀lú rẹ̀ níwájú ìsọ̀ kò mọ ẹgbẹ́ míì. Orúkọ lásán ni Stores jẹ́ fún un.

Àpapọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì jẹ́ 2 sí 1. Union gba ife. Bí ariwo ayọ̀ ṣe gba gbogbo àdúgbò, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn bàbá náà, àyà ìyàwó rẹ̀ sì já. Ará ilé kejì ni, ọmọ Kamẹrúùnù, ó gbé miondo àti ẹja yíyan lọ́wọ́. Ó ní òun mọ̀ pé wọn ò tíì jẹun. Bàbá náà gbà á, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́. Láti ọdún náà, bó bá ń sọ ìtàn 1981 fún àwọn ọmọ rẹ̀, kì í fi ọ̀rọ̀ ẹja yẹn sílẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lọ́jọ́ náà ni pé ife yẹn ni yóò jẹ́ ìkẹyìn. Láti 1981, kò sí ẹgbẹ́ Kamẹrúùnù kankan tó tún gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Canon dé àṣekágbá ní 2000, Zamalek ti Íjíbítì nà wọ́n. Cotonsport Garoua dé àṣekágbá ní 2003 àti ní 2008, wọ́n ṣubú nígbà méjèèjì. Stores náà kò yọ: ó gba líìgì Nàìjíríà ní 1992, àmọ́ kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wàhálà fi lé e kúrò lójú agbo.

Ní ọdún 1981 yìí kan náà ni wọ́n bí Samuel Eto'o, ẹni tó dàgbà ní New Bell. Ó di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nílẹ̀ Áfíríkà nígbà mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò gbá bọ́ọ̀lù fún Union láti gba ife kankan. Ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Kadji nítòsí Douala ló ti kọ́ṣẹ́, kó tó di pé ó kọjá sí Real Madrid ní ọ̀dọ́mọdé. Ọ̀nà tó gbà ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ń wá báyìí. Ta ló máa dá wọn lẹ́bi? Ọmọ tó bá rí ibi tí yóò ti jẹun tó sì máa bọ́ òbí rẹ̀ yóò lọ.

Síbẹ̀, lílọ àwọn ọmọ nìkan kọ́ ló fà á. Ẹ wo ilẹ̀ Jàpáàn. Furukawa gba ife ilẹ̀ Éṣíà ní 1986, Yomiuri sì gbà á tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ ni wọ́n. Ní 1993, wọ́n dá líìgì tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́wàá, wọ́n sì ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ orúkọ ìlú tó wà, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́, kó sì máa tọ́ àwọn ọmọ ìlú náà dàgbà. Lónìí, ẹgbẹ́ ọgọ́ta ló wà ní ìpele mẹ́ta. Àwọn ọmọ Jàpáàn náà ń lọ sí Yúróòpù láti kékeré, síbẹ̀ Urawa gba ife Éṣíà ní 2007, ó gbà á ní 2017, ó sì na Al Hilal ní 2023 kó tó gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Kashima, ìlú tí kò tóbi, gba tirẹ̀ ní 2018. Bí ọ̀kan bá lọ, òmíràn ti wà nílẹ̀, owó tí wọ́n fi rà á á sì padà sí ìlú tó tọ́ ọ.

Òfin FIFA pàápàá sọ pé bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò forúkọ ọmọ sílẹ̀ níbi tó yẹ, tí ìwé rẹ̀ kò pé, kí ló máa fi béèrè tirẹ̀? Níbi yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ti ń pàdánù, ní Douala bí í ní Ìbàdàn.

Àwọn òbí ní ipa tiwọn. Bí ẹnìkan bá wá pé òun fẹ́ sọ ọmọ yín di agbábọ́ọ̀lù, ẹ béèrè ẹgbẹ́ tí wọ́n máa forúkọ rẹ̀ sí, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kó fi ilé ìwé sílẹ̀. Àti pé kí ẹ tó ra aṣọ ẹgbẹ́ òkè òkun mìíràn fún un, ẹ mú un lọ sí pápá ìlú yín lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ àdúgbò bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Owó ìwọlé kò wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó wà ní New Bell ní 1981 fò sókè nítorí pé ẹgbẹ́ tó ń rí lójú ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.