Ẹ̀dà Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Wa Ní Kamina

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Kamina nítorí ilé-iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì tí àwọn ará Jámánì kọ́ síbẹ̀ láti máa bá Nauen, nítòsí Berlin, sọ̀rọ̀. Ní òru ọjọ́ 24 sí 25 oṣù kẹjọ 1914, àwọn fúnra wọn ni wọ́n bà á jẹ́ kí ọ̀tá má baà rí i lò. Ní ìlú yìí kan náà ni àwa ti ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Ifè sórí kọ̀ǹpútà, íntánẹ́ẹ̀tì a sì máa wá, a máa lọ bí ó ti wù ú.

Títo ọ̀rọ̀ ni ó fún wa níṣẹ́. Lójú wa, gb jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó tẹ̀ lé g: gé ni yóò ṣáájú, kí gbà tó dé. Ṣùgbọ́n golang.org/x/text, láíbìrì tí àwọn tí ń fi Go kọ ètò jọ ń lò káàkiri ayé, kò ní ìlànà ìtò fún ife, àmì èdè wa. Gbà ni ó ń gbé ṣáájú gé.

Kóòdù láíbìrì náà kò sí ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọjọ́ tí ìsopọ̀ dára, a gba gbogbo rẹ̀, a gbé e sí fódà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ wa, a sì kọ ìlà kan sínú go.mod:

replace golang.org/x/text => ../text

Láti ìgbà náà, ẹ̀dà ilé ni ètò wa ń lò. A lè yí ìlànà ìtò padà, kí a sì rí àbájáde rẹ̀ kí omi kọfí tó hó.

Ṣùgbọ́n fódà náà kò sí lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ wa ní Lomé kò ní lè kọ́ ọ. Nítorí náà ni a ṣe yan go.work, tí ó dé pẹ̀lú Go 1.18 ní ọdún 2022. Òun ni ó ń dárúkọ àwọn fódà ilé. A kì í fi í ránṣẹ́, go.mod sì wà bí ó ti wà.

Ohun mìíràn ni ó wúwo lọ́kàn wa jù. Àwọn olùtọ́jú láíbìrì náà kò yé tún un ṣe, ẹ̀dà tiwa sì dúró sí ibi tí a ti gbà á. Bí ìtò ife bá sì mọ sí Kamina, fóònù ọmọ Ifè tí ó wà ní Atakpamé kò ní mọ̀ ọ́n. Inú CLDR, àkójọ ìlànà èdè ti Unicode, ni láíbìrì náà ti ń mú ìtò; ibẹ̀ gan-an ni tiwa ní láti dé.

Ní báyìí, a ń bá àwọn àgbà jókòó lórí ipò ɛ àti ɔ. Àríyànjiyàn lórí àmì ohùn ni ó gbóná jù, ó sì dájú pé yóò gbà wá ní àsìkò ju kóòdù lọ.