Wọ́n ń bi wá pé ta ló ń lé wa



Àwa mẹ́rin la jọ parí yunifásítì ní Calavi lọ́dún tó kọjá, la sì jọ padà wá sílé ní Kétu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí a ti ń sáré ní ìdájí, nítorí a fẹ́ lọ sá marathon wa àkọ́kọ́ ní Èkó. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni. Kò sẹ́ni tó tíì sá ìlàjì rẹ̀ rí nínú wa.

Nígbà tí a wà nílé ìwé, àwọn ẹlòmíì ló ń pín ọjọ́ wa fún wa: ìgbà ẹ̀kọ́, ìgbà ìdánwò, ìgbà ìsinmi. Ìwé parí, ọjọ́ kò lórí, kò nídìí mọ́. A ṣe concours, a ń retí èsì. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń retí lásán, ìrònú ní í bá a jẹun. Bí àwọn ìyá wa bá bi wá láàárọ̀ pé, "Kí lẹ fẹ́ ṣe lónìí?", ilẹ̀ là ń wò. Ní báyìí, kí wọ́n tó bèèrè, a ti ṣe nǹkan kan dé.

Àwọn ìyá tó ń lọ sọ́jà a máa ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ń lé yín?" Obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú wa, wọ́n bi í bóyá ọkọ ló ń lé. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní, "Ìyá, bí mo bá bá a, ẹ ó gbọ́." Èyí tó wọ̀ wá lára jù ni ti bàbá kan lójú ọ̀nà Pọ́bẹ̀: "Oko wà níbẹ̀, ẹ̀ ń fi agbára ṣòfò." A kò fèsì, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń parí eré kí oòrùn tó mú, kí ẹni tó ní oko lè dé oko lásìkò. Lọ́jọ́ kan, bàbá náà bá wa níbi tí a ti ń kọ ebè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá.

Ọjọ́ mẹ́rin là ń sá lọ́sẹ̀. Mẹ́ta kúrú, ti ọjọ́ Àìkú ló gùn. Ibodè Àkàbà Ìdènà la ti ń gbéra. Kìlómítà 6 la fi bẹ̀rẹ̀, à ń fi ẹyọ kan kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ti dé 11. A fẹ́ dé nǹkan bí 30 kó tó di ọjọ́ ìdíje, tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù kejì ọdún. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń kọ́ eré yìí. Bí a kò bá lè máa bá ara wa sọ̀rọ̀ lẹ́nu eré, eré ti pọ̀ jù nìyẹn. Èémí tètè ń mọ́ra, àmọ́ egungun àti iṣan kì í yára bẹ́ẹ̀; ẹni tó bá kán wọn lójú, ojúgun ni yóò máa dùn ún. Bákan náà, agbára tí oúnjẹ tọ́jú sínú ara lè tán lára ènìyàn ní nǹkan bí kìlómítà 30. Nítorí náà, à ń kọ́ bí a ṣe ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tí a sì ń mu omi díẹ̀díẹ̀, láì dúró.

Bàtà àlòkù la rà lọ́jà. Àwọn kan ní ká bọ́ ọ, wọ́n ní Abebe Bikila ará Etiópíà fẹsẹ̀ lásán borí ní Róòmù ní 1960. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Tokyo ní 1964, bàtà ló wọ̀, ó sì tún borí.

Ọ̀nà jíjìn kọ́ ló ń bà wá lẹ́rù. Wọ́n ti pe ọ̀kan nínú wa sí iṣẹ́ olùkọ́ ní Parakou. Ẹ̀gbọ́n ẹlòmíì ń pè é sí Èkó. Ayọ̀ ni, àmọ́ a mọ bí ẹgbẹ́ ilé ìwé ṣe ń tú: ìkíni dín kù, ó di ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí ọjọ́ òkú kí a tó ríra. A ti fẹnu kò pé níbikíbi tí a bá wà, aago márùn-ún ààbọ̀ ni a ó máa jáde, ẹni tó bá jáde á fi ìròyìn ránṣẹ́: "Mo ti gbéra." Afárá Third Mainland, tó gùn ju kìlómítà 11 lọ, wà lójú ọ̀nà ìdíje náà. A fẹ́ jọ wà lórí rẹ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ̀yin tó wà ní Sábẹ̀, ní Pọ́bẹ̀, ní Ìtàkété, tí ìwé ti parí tí ọjọ́ sì gùn, ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ máa rìn ná. Bí wọ́n bá bi yín pé ta ló ń lé yín, ẹ ní àwa mẹ́rin kan ní Kétu ni.

Ire o.