Ẹni Tó Ya Àwòrán, Ẹni Tó Kùn Ún

Tí ẹ bá jókòó ti àwọn ọmọ yín níbi tí wọ́n ti ń wo kàtúùnù àtijọ́, irú Snow White tó jáde ní ọdún 1937, ẹ rántí pé iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ̀ ń wò yẹn. Kò sí kọ̀ǹpútà nídìí rẹ̀. Ẹnìkan fi ọwọ́ yà á, ẹlòmíràn fi ọwọ́ kùn ún, wọ́n sì ń ya fọ́tò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé tiwa ní Àbújá, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí a ti ń kó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jọ. Mẹ́ta péré la rí rà. Àwọn ẹbí máa ń bi wá pé kí la fẹ́ fi ike tí wọ́n kun ọ̀dà sí ṣe nígbà tí owó iléèwé ń gorí síi. Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí á dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́. Ayàwòrán á ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà. Ẹlòmíràn á gbé ike fẹ́lẹ́ kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì lé bébà náà, á fi yíǹkì tọ ìlà àwòrán náà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á yí ike náà padà, wọ́n á kun ọ̀dà sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ipa búrọ́ọ̀ṣì má baà hàn níwájú. Wọ́n á wá gbé e lé àwòrán igbó tàbí ilé tí kì í yí padà, wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á mú un kúrò, wọ́n á gbé òmíràn síbẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Earl Hurd, ló tọrọ ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní 1914. Fọ́tò 24 ni fíìmù ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó jẹ́ 1,440 ní ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ya àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ike 720 ni wọ́n máa kùn kí àgbọ̀nrín kan tó lè fi ìṣẹ́jú kan sáré.

Tí wọ́n bá ti ya fíìmù tán, iṣẹ́ ike yẹn parí nìyẹn. Wọ́n máa ń fọ àwọn kan kí wọ́n lè tún wọn lò, wọ́n sì máa ń da àwọn mìíràn nù. Ní 1938 ni ilé àwòrán Courvoisier ní San Francisco bẹ̀rẹ̀ sí í ta ti Disney fún aráàlú. Lẹ́yìn tí ọgbà ìgbafẹ́ Disneyland ṣí ní 1955, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà wọ́n fún àlejò níbẹ̀. Lónìí, èyí tó bá ti inú fíìmù ńlá wá lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Apá wa kò ká ìyẹn. Ti kàtúùnù orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Japan la rà, nítorí wọ́n pọ̀, owó wọn kò sì gunni lápá tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ èdè là ń ṣe nílé wa, nítorí náà ọ̀rọ̀ la kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Èdè wa ya yíyà sọ́tọ̀ kúrò lára kíkùn. Ẹni tó ń ya àwòrán, ayàwòrán là ń pè é. Ẹni tó ń kun àwòrán ńkọ́? A kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ilé iṣẹ́ Disney nígbà náà. Àwọn ọkùnrin ló pọ̀ jù nídìí yíyà, orúkọ àwọn kan nínú wọn sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló kún ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ ìlà, tí wọ́n ti ń kun ọ̀dà, orúkọ ọ̀pọ̀ wọn kò sì sí lára fíìmù.

Ṣùgbọ́n ẹ yí ike náà padà, ẹ ó rí ọwọ́ ẹni tó kùn ún. Lẹ́yìn ọ̀kan nínú tiwa, tó jẹ́ àwòrán ọmọdébìnrin kan tó ń sáré, ọ̀dà bàtà gun orí ọ̀dà ìbọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìlà dúdú bò ó níwájú, ẹ kò lè mọ̀. Àkọ́bí wa bi wá pé, “Ta ló kùn ún?” A ní a ò mọ̀. Ó ní, “Ṣùgbọ́n ẹnìkan ni.” Ìdáhùn wa fún àwọn ẹbí nìyẹn: nítorí “ẹnìkan” yẹn la ṣe ń rà á.

Ohun tó ń dẹ́rù bà wá ni ooru. Ike yìí ń darúgbó. Bó bá ń bàjẹ́, ó máa ń rùn bíi fínígà, ọ̀dà rẹ̀ á sì máa sán. Lóṣù Kẹta tó kọjá, tí iná kò dúró, a rí i pé ọ̀dà irun ọmọdébìnrin yẹn ti ń ṣí létí. Ẹnìkan lókè òkun sì fẹ́ rà á ní iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó iléèwé sáà kan. Ọ̀kan nínú wa ní kí á tà á, pé yóò pẹ́ láyé lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ kì í kú. Ìkejì ní ta ni yóò wá fi ẹ̀yìn rẹ̀ han àwọn ọmọ wa? Ọ̀sẹ̀ méjì la fi fà á. Níkẹyìn, a sọ fún olùrà nípa ibi tó ṣí, a ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn, a sì tà á. A san owó iléèwé. Ó ṣì ń dùn wá.

Méjì tó kù wà nínú yàrá tó tutù jù nílé. A fi bébà tí kò ní ásíìdì sáàárín wọn. A kò dé wọn pa, nítorí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ráyè wọlé. A kì í jẹ́ kí oòrùn kàn wọ́n, a kì í fi aṣọ nù wọ́n, bí bébà bá sì lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, a kì í fà á ya.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kíyè sí i pé àwọn kan wà tó jẹ́ ẹ̀rọ ló tẹ̀ wọ́n, tí wọn kò dúró níwájú kámẹ́rà rí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti tà wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ wo etí ike bóyá nọ́ńbà àti ihò tí wọ́n fi ń gbé e sójú kan wà níbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn yín.