Kí A Tó Pè É Ní Jẹdíjẹdí

Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ọkùnrin la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ má fò ó kọjá, torí ẹ̀yin lẹ sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀.

Láàárín wa níbí, àìsàn ọkùnrin kì í pẹ́ ní orúkọ. Bàbá kan ní òun ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru, wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Ìtọ̀ ò yá jáde, wọ́n ní jẹdíjẹdí ni, ìyá alágbo á sì ti gbé ìgò kan fún un. Ẹ̀yìn ń dùn ún, wọ́n ní làkúrègbé ni. Ẹ̀jẹ̀ jáde nínú ìtọ̀, àwa á ní àtọ̀sí ajá ni, àwọn aládùúgbò wa Haúsá á ní tsargiya ni. Orúkọ ti pọ̀ nílẹ̀, ẹnì kan ò sì tíì ṣe àyẹ̀wò. Orúkọ wọ̀nyẹn lè jẹ́ òótọ́ o. Àmọ́ jẹjẹrẹ náà máa ń wá bí wọ́n ṣe ń wá. Àyẹ̀wò nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí prostate. Ẹ̀yà ara kékeré ni, abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ọ̀nà ìtọ̀ sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Tí ọkùnrin bá ń dàgbà, ó sábà máa ń wú, wíwú lásán kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Apá àárín ni wíwú yẹn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Jẹjẹrẹ ní tiẹ̀, apá ìta lẹ́yìn ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí kò ti ní dí ìtọ̀ lọ́wọ́. Ṣé ẹ rí i pé ọkùnrin lè máa tọ̀ geere, kí nǹkan ọ̀hún sì ti wà níbẹ̀? Fún àwọn míì, ó di ìgbà tó bá dé eegun ẹ̀yìn kí wọ́n tó mọ nǹkan kan lára.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà, fún àyẹ̀wò PSA. Ohun kan tí prostate fúnra rẹ̀ ń ṣe ni PSA, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi àyẹ̀wò ló ń lo 4 bí ààlà. Àmọ́ nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ìdájọ́. Àrùn inú ìtọ̀ lè gbé e sókè, wíwú lásán lè gbé e sókè, rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, títí kan kí ọkùnrin bá ìyàwó rẹ̀ sùn láàárín ọjọ́ 2 ṣáájú. Oògùn kan sì wà, finasteride, tí wọ́n ń lò fún wíwú, tó máa ń gé nọ́ńbà náà sí nǹkan bí ìdajì. Torí náà, gbogbo oògùn tẹ́ ẹ bá ń lò, ẹ sọ ọ́ fún dọ́kítà, àgbo náà wà níbẹ̀.

Èyí táwọn bàbá wa kì í fẹ́ gbọ́ ló kù yìí: dọ́kítà á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, á sì ti ìdí fi ìka kan kan prostate. Ẹ̀yìn tá a ní jẹjẹrẹ ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ni ìka máa ń bá. Tó bá le tàbí tó ní kókó, wọ́n á wádìí síwájú, kódà tí PSA ò bá ga.

Níbi tí ẹ̀rọ MRI bá wà, tí agbára sì ká a, wọ́n lè fi wo ibẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú ẹran tín-ín-tìn-ìn-tín, ó sábà máa ń tó 12, kí wọ́n lè wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni òótọ́ ti ń jáde. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, wọ́n á fún un ní máàkì tí wọ́n ń pè ní Gleason, láti 6 dé 10. Ẹlòmíì tó gba 6, ṣíṣọ́ lásán ni wọ́n máa ń ṣọ́ ọ. Àwọn kan ní tí abẹ́rẹ́ bá ti kàn án, á tàn ká. Èyí tá ò wá kàn gan-an ló ń ráyè tàn ká.

Mandela gbọ́ pé òun ní jẹjẹrẹ prostate ní 2001. Wọ́n tọ́jú ẹ̀, ó sì lo ọdún 12 sí i kó tó kú lẹ́ni ọdún 95.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ilẹ̀ Haúsá yìí ló ti lè tan èèyàn jù. Kòkòrò inú omi ló ń fa àtọ̀sí ajá, ó máa ń gba awọ ara wọlé fún ẹni tó bá wọ odò tàbí adágún. Ọmọdé pọ̀ tó ń ní in, oògùn rẹ̀ sì wà. Àmọ́ tó bá pẹ́ lára láìtọ́jú, ó lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, rí ẹ̀jẹ̀ láìsí ìrora kankan. Ó dá fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní ó ti lọ. Ó tún padà wá. Wọ́n ṣe síkáànù, wọ́n sì fi kámẹ́rà tín-ín-rín wo inú àpò ìtọ̀, wọ́n bá kókó níbẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́, bàbá ṣì ń wá sípàdé. Ẹ̀jẹ̀ tó dá kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó tán o.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tiyín náà wà ńbẹ̀. Jẹjẹrẹ kóropọ̀n, ọ̀dọ́kùnrin ló ń bá jù. Tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀, ẹ fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kókó tó le, tí kò dùn yín, ẹ má pè é ní ìpá. Síkáànù ló máa sọ bóyá omi ni tàbí ẹran. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un lábẹ́rẹ́ láti fa omi kí wọ́n tó wò ó.

Ohun tó ń dùn wá jù ni ọ̀rọ̀ èdè. Dọ́kítà ń sọ Haúsá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, bàbá ń sọ Yorùbá, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń túmọ̀. Bàbá wo ló máa la ẹnu sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé nǹkan òun ń ṣẹ̀jẹ̀? Á ní ẹ̀yìn ló ń dun òun, wọ́n á fún un ní oògùn ìrora, ó di ilé. Ìdí nìyẹn tá a fi ní káwọn ọkùnrin nínú wa máa bá àwọn bàbá lọ. A máa ń wọlé pẹ̀lú wọn, a máa ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀, a kì í sì í gbé e dé ìpàdé. 

American Cancer Society ní kí aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í bá dọ́kítà sọ ọ́ láti ọdún 45. Tí bàbá tàbí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ju ẹyọ kan bá ti ní in láìtíì dàgbà púpọ̀, ó di 40. Tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde tàbí tí kókó bá yọ, ẹ má ka ọjọ́ orí rárá.

Owó tá a fi ń gbé òkú relé kì í ṣe owó kékeré, kò sì sígbà tí ẹgbẹ́ ò dá a. Owó àyẹ̀wò ò tó o. Ẹni tó bá fẹ́ káwọn bá òun lọ, kó fi ọ̀rọ̀ sí inbox wa, kò pọn dandan kó kọ ọ́ síta. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹsẹ̀ ara wa la máa fi rìn relé, láṣẹ Elédùmarè.