Windows, Ubuntu àti Ohùn Màmá

Ìbéèrè tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn máa ń bi wá kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń fi Linux ṣe? Wọ́n á ní kí a lọ máa ka ìtàn àròsọ wa, kí a máa ki ẹsẹ Ifá, kí a fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. A kì í bá wọn jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti gbé Ubuntu sí ẹ̀gbẹ́ Windows lórí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo tí àwa mẹ́ta jọ ń lò, àwọn tó ń béèrè bí a ṣe ṣe é ti pọ̀ ju àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí a fi kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, ẹ bá wa fi ojú àánú kà á. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, ẹ wá fláàṣì méjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Tòkunbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ló ti wá. Abidjan ló ti wá. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò àti ìgbèríko rẹ̀ kò ní béèrè ìdí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, wọ́n ń bímọ síbẹ̀, wọ́n ń kọ́lé sílé, wọ́n sì ń sọ Faransé láàrin ọjà Èjìgbò bí ẹni pé ní Treichville ni wọ́n wà. Bàbá ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ló gbé e bọ̀. Nítorí ibi tó ti wá, AZERTY ni bọ́tìnnì rẹ̀: A wà níbi tí Q yẹ kó wà, Z gba ipò W, M kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ N ó lọ dúró ti L. É, è àti à ní bọ́tìnnì tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ kò sí, ṣ kò sí. Bí ìgbà tí wọ́n fún ènìyàn ní bàtà ẹsẹ̀ kan ni.

Gígábáìtì 4 ni ráàmù rẹ̀, dísíìkì rẹ̀ jẹ́ 500, Windows 10 ló sì wà lórí rẹ̀. Kò sí èyí tó burú nínú rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ lẹ́tà. Iṣẹ́ tiwa ló fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà ìsinmi, a lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn lọ gba ohùn ìyá àgbà kan sílẹ̀, ìyá-ìyá ọ̀kan nínú wa. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ki oríkì orílẹ̀ oríṣiríṣi, wọ́n sun ẹkún ìyàwó bí wọ́n ṣe sun ún lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ ilé ọkọ, wọ́n sì ń dá ara wọn dúró láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó bá ta kókó. Gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 9. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àìsàn kan dé sí Màmá. Ara wọn ti yá báyìí, ṣùgbọ́n ohùn yẹn kò padà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọn kò lè sun ẹkún ìyàwó mọ́. Èyí tó wà lórí láptọ́ọ̀pù ni ó kù.

Ohun tí a fẹ́ ṣe ni ètò kékeré kan tí ènìyàn lè fi wá ọ̀rọ̀ nínú àdàkọ ohùn náà: kí o tẹ ọ̀rọ̀ kan, kí ó sọ ibi tí Màmá ti lò ó àti ìṣẹ́jú tó wà. Python ni a fi ń kọ ọ́. Àwọn irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè ń lò pọ̀ tí ó jẹ́ pé orí Linux ni wọ́n ti bí wọn, orí Linux sì ni wọ́n ti rọrùn jù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa ń kọ àtúnṣe sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé nínú Microsoft Word, Word kò sì ní èyí tí wọ́n ṣe fún Linux. LibreOffice ń ṣí fáìlì náà, òótọ́ ni, àmọ́ ìtò ojú ewé a máa yí, àlàfo a sì wọ inú tábìlì tí a ti ṣe dáadáa. Ẹni tó ń dúró de máàkì kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Ọ̀nà mìíràn wà o. Láti 2016 ni Microsoft ti gbé Linux wọ inú Windows fúnra rẹ̀, WSL ni wọ́n ń pè é, ènìyàn á sì máa lo méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láì pa ẹ̀rọ kó tún tàn án. Ẹni tí ráàmù rẹ̀ bá tó 16, kó lò ó, kó má wulẹ̀ ka èyí tó kù. Àmọ́ ẹ̀yà rẹ̀ kejì ń ṣiṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà kan nínú kọ̀ǹpútà mìíràn, àwọn méjèèjì á sì jọ pín ráàmù kan. Gígábáìtì 4 kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń pín. Bí a bá pín dísíìkì ní tiwa, ẹni tó bá jí ló ni gbogbo ráàmù, èkejì á máa sùn.

Ubuntu tí a mú yìí, ará Áfíríkà ni. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa tó ti lọ sí òfuurufú ní 2002, ló dá a sílẹ̀, ó sì jáde ní oṣù kẹwàá 2004. Ọ̀rọ̀ àwọn ará gúúsù ni orúkọ náà, ó ń sọ nípa ìwà ènìyàn sí ènìyàn. Ọmọlúàbí ló sún mọ́ ọn jù ní tiwa. Linux tó wà ní ìdí rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Linus Torvalds, ọmọ ọdún 21 tó ń kàwé ní Helsinki nígbà tó kéde rẹ̀ ní 1991. Ọmọ ọdún 21! A kì í sábà rántí èyí lójú àwọn òbí wa. Xubuntu, ẹ̀yà Ubuntu tó fúyẹ́, ni a yàn nítorí ráàmù.

Ọ̀rọ̀ fláàṣì ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Kí a tó lè gbé Xubuntu wọlé, fláàṣì ni a ó kọ ọ́ sí, gbogbo ohun tó wà lórí fláàṣì náà á sì parẹ́. Fláàṣì kan péré ni a ní, gígábáìtì 8. Ohùn Màmá, bí a ṣe gbà á láì fún un pọ̀, ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 10 fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣírò wákàtí 9, ó lé ní gígábáìtì 5. Fláàṣì yẹn lè gba Màmá, ó lè gba Xubuntu, kò lè gba méjèèjì. Ọ̀kan nínú wa ní kí a kàn fi ohùn náà sílẹ̀ lórí Windows, pé pípín dísíìkì kì í sábà ba nǹkan jẹ́. "Kì í sábà" yẹn ni àwọn méjì yòókù kò gbà. Tí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń yí fáìlì káàkiri ńkọ́? Láti fi gígábáìtì 5 ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, owó dátà rẹ̀ á ra fláàṣì, á sì kù. Ọ̀kadà ni a fi lọ sí Èjìgbò lọ ra òmíràn. A da ohùn náà sórí rẹ̀, a tún dà á sórí mẹmori káàdì fóònù, a sì tẹ́tí sí fáìlì mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí a tó gbà pé ó wà níbẹ̀. Fláàṣì tuntun náà, ọwọ́ Màmá ni a kó o sí. Wọ́n so ó mọ́ etí ìró.

Iṣẹ́ gan-an kò gùn. Inú Windows ni a ti dín ìpín rẹ̀ kù, a yọ gígábáìtì 120 sílẹ̀ fún Xubuntu. Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fò: bí ènìyàn bá pa Windows 10, kì í sábà kú tán, ńṣe ló ń toògbé kó lè tètè jí. Fast Startup ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ń toògbé bẹ́ẹ̀, Linux lè ka ìpín rẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní fẹ́ kọ nǹkan sí i, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ta ni í tún ilé ṣe lórí ẹni tó ń sùn? Inú ìtòlẹ́sẹẹsẹ iná Windows ni a ti ń pa á. Iná wà lálẹ́ ọjọ́ náà, bátìrì kún, a bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a fi fláàṣì tàn án, ojú rẹ̀ dúdú, kò sí ohun kan. Ìwòsàn rẹ̀ kò ṣòro: ẹ ó ṣí ìlà àṣẹ ní GRUB, ètò kékeré tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti béèrè èwo nínú méjèèjì ni kí òun jí, ẹ ó sì fi nomodeset kún un. Ṣùgbọ́n GRUB kò mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù yìí ti gbé ní Abidjan. Lójú tirẹ̀, bọ́tìnnì Amẹ́ríkà ni gbogbo bọ́tìnnì. A tẹ M, àmì sẹmikólọ́nì (;) ló jáde. A wò ó, a rẹ́rìn-ín, a ronú díẹ̀: níbi tí M ti máa ń wà lórí bọ́tìnnì Amẹ́ríkà, àmì kọ́mà ló wà níbẹ̀ lórí tiwa. Kọ́mà ni a tẹ̀ kí M tó jáde. Ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́ nígbà tí àwòrán Xubuntu fi yọ.

Màmá ti jí. Wọ́n jókòó ti wa, wọ́n ní kí a ṣàlàyé. A ní ètò méjì ló wà nínú ẹ̀rọ kan báyìí, ọ̀kan fún ọ̀gá wa, ọ̀kan fún iṣẹ́ wa.

"Bí tèmi ni," ni wọ́n wí. "Nígbà tí mo wà ní Abidjan, Faransé ni mo fi ń ka owó. Tí inú bá bí mi, Yorùbá ni."

A ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

"Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀?"

A ní rárá, bí ọ̀kan bá jí, èkejì á sùn. Tí a bá fẹ́ èkejì, a ó pa èyí kí a tó tàn án.

Wọ́n mi orí. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, tèmi dáa ju tiyín lọ."

Kò sí èsì fún un. Màmá lè ná nǹkan ní Faransé kí wọ́n sì fi Yorùbá bú ẹni tó ń tà á nínú gbólóhùn kan náà, ìyẹn ni WSL, wọn kò sì ra ráàmù kankan.

Ọ̀rọ̀ aago tún wà. Windows gbà pé aago inú ẹ̀rọ ń sọ àkókò ìlú tí ènìyàn wà. Linux gbà pé àkókò àgbáyé, UTC, ló ń sọ. Àkókò Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, nítorí náà bí a bá kúrò ní Xubuntu lọ sí Windows láìsí íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò tún un ṣe, aago á fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn. Wọ́n ń pe ìrun Àsárì ní mọ́ṣáláṣí, láptọ́ọ̀pù ní aago mẹ́ta ni. Àṣẹ kan, timedatectl set-local-rtc 1, ló parí ìjà náà. Ó ní kí Linux gba ìṣe Windows. Linux ń kùn nípa rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí ló wá fi nǹkan hàn wá. Ètò wa wá "ọ̀wọ̀", ó ní Màmá kò sọ ọ́ rí. Irọ́ ni, a jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ ọ̀: ènìyàn lè mú ọ kó fi àmì ohùn lé e, ó sì lè mú ò kó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú èmi àti ìwọ ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn kò bá ara wọn tan. Ẹni tó da apá kan kọ lórí Windows lo ọ̀nà kan, ẹni tó da ìyókù kọ lórí Xubuntu lo èkejì. Unicode ti ronú sí i: ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní NFC tó ń sọ méjèèjì di ọ̀kan, Python sì ní i nínú unicodedata. Ìlà kan péré, "ọ̀wọ̀" yọ jáde níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí Python ka lẹ́tà inú rẹ̀, á ní 5 ni, torí kò sí ọ̀ tó dá dúró nínú Unicode, àmì ohùn ń jẹ́ ẹyọ kan lọ́tọ̀. Ìgbà tí a bá sì yọ àmì kúrò pátápátá, owó, ọwọ́, ọ̀wọ̀, òwò àti ọwọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo. Olùkọ́ kan lè sọ èyí fún ènìyàn ní kíláàsì fún ọdún mẹ́rin kó má wọ̀ ọ́ létí. A kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó rí i: Túndé Adégbọlá àti Alt-I rẹ̀ ní Ìbàdàn ti ń bá kọ̀ǹpútà sọ Yorùbá kí a tó mọ̀ọ́kọ, Kọ́lá Túbọ̀sún sì wà nídìí YorubaName.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà báyìí: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, láptọ́ọ̀pù wa kò sì tó ẹni tí Windows 11 ń gbà. A ti já apá Windows kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Word nìkan ló kù tó ń ṣe. Ọ̀kan nínú wa ní kí a pa á rẹ́, kí a gba gígábáìtì tó jókòó lé lórí. Àwọn méjì ní kí a dúró títí a ó fi gbèjà àpilẹ̀kọ wa. Ìbò méjì sí ọ̀kan, Windows ṣì wà. Fláàṣì Màmá náà ṣì wà létí ìró. Wọ́n kọ̀ láti dá a padà.