Ta Ló Ń Lé Yín?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ènìyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Gbogbo àwa tí à ń kọ́ Yorùbá la mọ òwe yìí. A ti túmọ̀ rẹ̀ nínú ìdánwò, a sì ti gba máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwa mẹ́rin ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀ fún eré máratọ́ọ̀nù ti Èkó, òwe náà ti di ti wa. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kì í dúró létí títì kó bi wá pé: "Ta ló ń lé yín?"

Ọdún 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré yìí ní Èkó, oṣù Kejì ọdún ni wọ́n sì máa ń sá a. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Láti Pápá Ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè, àwọn eléré á gba orí afárá Third Mainland kọjá, wọ́n á sì parí rẹ̀ sí Eko Atlantic létí òkun. Ìdájí ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Kenya àti Ethiopia sì yá débi pé wọ́n á ti parí tiwọn kí oòrùn tó gbóná. Àwa tí ẹsẹ̀ wa kò yá bẹ́ẹ̀, inú oòrùn la máa parí tiwa sí.

Ìdí nìyí tí a fi mọ̀ọ́mọ̀ yan aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé láti sáré tó gùn jù nínú ìgbaradì wa, kìlómítà 28. Ara ènìyàn ń kọ́ ooru díẹ̀díẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń kọ́ á-bí-dí. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ó tó mọ̀ ọ́n: á tètè làágùn, ọkàn kò sì ní máa lù kìkì bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá fojú kan oòrùn rí nígbà ìgbaradì, ọjọ́ eré gan-an ni oòrùn á wá kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

Ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn la ti gbéra. A gba Sángo, a gba Mọ́kọ́lá, a sọ̀ kalẹ̀ sí Dùgbẹ̀ níbi tí Ilé Kòkó ti ń wo gbogbo ìlú láti òkè. A gba Òkè-Àdó dé Mólété, a sì yí padà ní Challenge. Ọyẹ́ ṣì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, òtútù díẹ̀ sì wà nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín là ń rín. Ẹni tó jẹ́ obìnrin láàrin wa ń sun rárà, àwa yòókù ń gbè é. Àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè sí wa.

Ní Mọ́kọ́lá ni màmá kan tó ń ta omi inú ọ̀rá ti nahùn pè wá. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ń lé yín láàárọ̀ kùtù yìí?" A ní, "Màmá, ẹ kú ọjà o, kò sẹ́ni tó ń lé wa." Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n." A rẹ́rìn-ín, a sì kọjá.

A jiyàn lórí ọ̀rọ̀ màmá yẹn títí a fi dé Dùgbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí àwa ọmọ ẹ̀ka yìí ṣe rí. Tí a bá tú "sáré" wò, "sá" àti "eré" ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń sá, nǹkan ló ń lé e. Ṣùgbọ́n eré ni ohun tí ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá, tí kò sẹ́ni tó fipá mú un. Kí ló wá so méjèèjì pọ̀? Ọ̀kan nínú wa ní "sá" nìkan ni màmá yẹn rí, kò rí "eré". A gbà pé ó jàre.

Ẹni tó dàgbà jù nínú wa, tí à ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, kò dá sí àríyànjiyàn yẹn. A mọ ìdí rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá rẹ̀. Apá kan kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń wúwo lẹ́nu Bàbá. Ẹ̀gbọ́n ti ṣèlérí pé òun á gbé mẹ́dàlì Èkó wá sílé, òun á fi kọ́ Bàbá lọ́rùn. Òun ló ń jí wa. Òun ló máa ń wà níwájú.

Láti Challenge ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Oòrùn ti yọ kúrò nínú kùrukùru ọyẹ́, ọ̀dà títì sì ń da ooru rẹ̀ padà sí wa lójúgun. Ọyẹ́ ní ẹ̀tàn kan: atẹ́gùn rẹ̀ gbẹ débi pé òógùn kì í dúró lára. Ìwọ á rò pé o kò làágùn, àfi tí o bá fọwọ́ kan ojú, tí o rí iyọ̀ funfun níbẹ̀. A ń mu omi iyọ̀ àti ṣúgà tí a pò lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ àwọn ìyá láti pò fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, nítorí pé omi lásán kò lè dá iyọ̀ tó bá òógùn lọ padà. Orin ti dákẹ́. Ní Òkè-Àdó, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́. Láti Dùgbẹ̀ sí Mọ́kọ́lá, òkè ni, ó sì dà bíi pé wọ́n ti fi kún gíga òkè náà lẹ́yìn tí a kọjá.

Ní nǹkan bíi kìlómítà 23, Ẹ̀gbọ́n ní òtútù ń mú òun.

Aago mọ́kànlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Oòrùn wà lórí wa gangan, ara rẹ̀ sì ti hu ṣùkù bíi ti adìẹ tí a fá ìyẹ́ rẹ̀. A bi í léèrè ibi tí a wà, ó ní Sángo. Mọ́kọ́lá la wà. A ní kó dúró, ó kọ̀. Ó ní kìlómítà márùn-ún ló kù, kí àwa tó bá rẹ̀ dúró, òun á dá parí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi ń retí." Ó ń rìn dẹ̀ẹ̀dẹ̀ẹ̀ bí ọ̀mùtí, ó sì ń sọ pé òun ń sáré.

Màmá olómi yẹn ló yanjú ọ̀rọ̀. Kò bèèrè ohunkóhun. Ó di Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ mú. "Ọkọ mi, jókòó." Ó jókòó. Àwa mẹ́ta ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí, kò gbọ́. A bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ lábẹ́ agboòrùn màmá, a da omi tútù sí i lórí àti lọ́rùn, a fi omi dídì há a ní abíyá, a sì ń fi páálí fẹ́ ẹ. Ó ṣì ń fẹ́ dìde. Màmá wá wò ó lójú, ó ní: "Akínkanjú tó bá mọ̀ ọ́n jà, tí kò mọ̀ ọ́n sá, òun ló ń bógun lọ."

Òwe yẹn náà, a ti túmọ̀ rẹ̀ nínú ìdánwò rí.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, tó dárúkọ Mọ́kọ́lá fúnra rẹ̀, a gbé e wọ Micra lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ní kó sinmi. Àwa yòókù kò padà lọ parí kìlómítà márùn-ún yẹn. Màmá kọ̀ láti gba owó omi.

A kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí ooru dá dúró. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1904 ní St. Louis, nínú ooru àti eruku, ọkùnrin 32 ló bẹ̀rẹ̀ máratọ́ọ̀nù, 14 péré ló parí. Ní Doha lọ́dún 2019, ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti àwọn obìnrin nítorí ooru, síbẹ̀ 28 nínú àwọn 68 tó bẹ̀rẹ̀ ni kò parí. Àwọn wọ̀nyẹn mọ̀ ọ́n sá ju tiwa lọ fíìfíì.

Ohun tí a rí kọ́ kò ju inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lọ. Nígbà tí à ń kọrin lọ sí Dùgbẹ̀, eré ló wà lẹ́sẹ̀ wa. Ní Mọ́kọ́lá, eré ti tán, ohun kan ti ń lé wa lóòótọ́, ó sì kù díẹ̀ kó bá ọ̀kan nínú wa. Ẹni tó bá fẹ́ sáré nínú oòrùn gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí méjèèjì ń pààrọ̀ ipò. Òtútù nínú ooru, ọ̀rọ̀ tí kò lórí, ẹsẹ̀ tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́: tí ẹ bá rí èyíkéyìí lára ẹnìkejì yín, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ mú un jókòó.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n pe bàbá rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ Bàbá máa ń pẹ́ kó tó jáde, àwa náà sì ń gbọ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní, "Ìwọ ni mo fẹ́ rí. N kò fẹ́ rí irin."

Ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, dókítà sì ti gbà á láyè láti máa rìn, kó máa fi sísá kún un díẹ̀díẹ̀. Bóyá yóò sá 42 lọ́dún yìí tàbí ti ọdún tó ń bọ̀, kò tíì sọ, a kò sì bi í. Àwa mẹ́ta ṣì ń lọ ní Sátidé. Tí ẹ bá pàdé wa lọ́nà Sángo, ẹ ṣáà kí wa pé ẹ kú eré. Tí ẹ bá ní omi lọ́wọ́, ẹ bù fún wa.